Sójà Tó Ń Sunkún Ilé Kì í Ṣe Ojo

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn sójà tó bógun lọ, mo wà ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Ìkàrẹ́, mò ń dúró kó kàn mí. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ. Wọ́n ń fọn fèrè ológun, àwọn ọ̀gá ń gbé òdòdó sílẹ̀, wọ́n sì tú ẹyẹlé sílẹ̀ kí wọ́n máa fò lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi ọmọkùnrin kan hàn wá lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan. Wọ́n bi í pé kí ló ń fẹ́ kí ìjọba ṣe fún òun. Ẹ̀yin ará, kò béèrè owó, kò béèrè oyè. Ó ní, "Mo fẹ́ lọ sílé. Mo fẹ́ rí ìyá mi." Ni omi bá lé ròrò sí i lójú.

Bàbá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pòṣé. Ó ní, "Ẹ wo sójà! Ta ló ní kó lọ gbébọn? Ẹni tó mọ̀ pé òun á máa sunkún ìyá òun, ṣebí kó jókòó sílé kó máa ta gààrí." Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé kílípà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi nìkan ni mi ò lè rẹ́rìn-ín. Àgbà ni bàbá náà, n kò sì fẹ́ bá àgbà jiyàn níta, ni mo bá pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́jọ́ náà kò tíì dà nínú mi títí di òní. Òun ni mo fẹ́ sọ jáde síhìn-ín.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Sójà tó ń sunkún ilé lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kì í ṣe ojo. Àárò ilé tó ń sọ ọ́ yẹn wà lára ohun tí yóò mú un dìde. Àwa tí a wà nílé, tí a ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí a kì í lọ wò ó, bí ojo bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwa gan-an ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọmọ ilé wa kan. Ọmọ Ìkùn-Àkókó ni èmi. Láti ọ̀dọ̀ wa, Emùré-Ilé kò jìnnà. Ẹ̀bá Ọ̀wọ̀ ló wà, nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Isaac Fadoyebo ní 1925. Ní 1942, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré, ó lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń jagun, àwa la sì ń bá wọn rù ú. Wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, kó lè máa ran àwọn dókítà ológun lọ́wọ́. Nígbà tó yá, wọ́n kó òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba orí òkun lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ dé Bọ́mà, nínú Dífíṣọ̀n 81 ti àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ní oṣù kẹta 1944, lẹ́bàá odò Kaladan, àwọn sójà Jàpáànì ká wọn mọ́. Ìbọn ba Isaac lẹ́sẹ̀, ó bà á níkùn. Ẹni tó ń di ọgbẹ́ fún ẹlòmíràn wá di ẹni tí kò rí ẹni di tirẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sẹ̀rà Líónì, tí ìbọn bà bíi tirẹ̀, ni wọ́n ṣẹ́kù nínú igbó. Fún bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi fara pamọ́ sí ibi tí ọ̀tá yí ká. Kò sí dókítà, kò sí oògùn, kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ará abúlé kan tó ń jẹ́ Shuyiman, mùsùlùmí, ẹni tí kò bá wọn tan, ló ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn, tó sì padà gbà wọ́n sílé. Ó mọ̀ dájú pé bí àwọn ará Jàpáànì bá gbọ́, òun àti ìyàwó àti ọmọ ló máa fi orí fá a. Oṣù kejìlá 1944 ni àwọn sójà tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo wá ń bi bàbá ìsọ̀ onígbàjámọ̀ léèrè: ojo ni ọmọ yẹn bí? Ọmọ ọdún méjìdínlógún, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọ́, ó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òjò ilẹ̀ onílẹ̀, kí ni ẹ rò pé ó ń rò lóru? Ṣé ọba Gẹ̀ẹ́sì ni? Ṣé máàpù ogun ni? Ẹni tí kò ní ilé tó fẹ́ padà sí, kí ló fẹ́ fi oṣù mẹ́sàn-án dúró dè? Bó bá jẹ́ pé kò sí Emùré-Ilé lọ́kàn rẹ̀ ni, èmi ò rò pé ìbá fara da ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Ẹ wá wò ó, kì í tilẹ̀ ṣe àjò ìgbádùn ni ti sójà.

Isaac padà sílé ní 1945, ó ń tiro. Ó ṣiṣẹ́, ó bímọ, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999. Ní 2011, oníròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá ìdílé Shuyiman lọ títí dé Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ lẹ́tà náà. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin lẹ́yìn oore ni ọpẹ́ dé. Bàbá náà sì kú ní 2012. Ẹ fi ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí sọ́kàn o, n óò padà sórí lẹ́tà.

Ẹnìkan lè sọ pé èmi kì í ṣe dókítà. Òótọ́ ni, ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà fúnra wọn ti sọ ọ́ ṣáájú mi. Ní 1688, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan, Johannes Hofer, kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ìlú Basel ní Swítsálándì. Ó ní àìsàn ni àárò ilé, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ti rí àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n jìnnà sílé, tí wọn ò jẹun mọ́, tí wọn ò sùn mọ́, tí ara wọn ń gbẹ lọ. Ó ní ohun tó ń wò ó sàn ni kí wọ́n gbé aláìsàn náà padà sílé. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá ara wọn jagun láti 1861 dé 1865, àwọn dókítà ológun apá Àríwá kọ orúkọ àìsàn yìí sínú ìwé wọn. Àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó mú lé ní 5,000, ó sì pa àwọn kan nínú wọn. Àwọn dókítà kan nínú wọn rí i pé oògùn tó ṣiṣẹ́ jù ni ìwé ìsinmi tí sójà máa fi lọ sílé fún ìgbà díẹ̀. Ṣé gbogbo wọn náà ló yẹ kó lọ ta gààrí?

Ẹ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ni mò ń sọ. Ó tì o. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọ iṣẹ́ sójà nígbà ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 1967. Ìbọn bà á, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kan tí n kò ní dárúkọ, oṣù mọ́kànlá ló fi dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lábẹ́ orúnkún. Àwa ọmọ ilé ò mọ orúkọ mìíràn fún un ju Bàbá Sójà lọ. Ó ń fi ọ̀pá rìn lọ sóko, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń kọ ebè, iṣu rẹ̀ sì máa ń ta ju ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ. Bí o bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ ogun, á ní kí o lọ pọn omi wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bó bá ti mu ẹmu díẹ̀: "Mo kọ̀wé sílé o. Ogun ni kò jẹ́ kí ìwé dé."

Ní 1994, bàbá àgbà, bàbá tó bí wọn, kú. Mo wà ní kíláàsì kẹrin ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà. Èmi ni wọ́n ní kí n yẹ àwọn ìwé inú àpótí bàbá wò, kí n kà á fún ẹbí: rìsíìtì owó-orí, ìwé kòkó, bóyá ìwé ilẹ̀ á wà níbẹ̀. Ẹbí jókòó yí mi ká. Mo kà á títí, ni mo bá kan lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi òwú so pọ̀. Wọ́n ti já ọ̀kan. Mo ṣí i, mo sì ti ń kà á sókè kí n tó mọ ohun tí mò ń kà. "Bàbá mi, mo kí yín. Ìyá mi ńkọ́? Ṣé ẹ ti wa iṣu tuntun? Ajá mi ńkọ́? Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ mi kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán ẹnìkan kó wá wò mí, kó kàn wá jókòó tì mí ni. N kò ní béèrè owó."

Bàbá Sójà wà níbẹ̀. Ó na ọwọ́, mo gbé lẹ́tà lé e. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó wo àwọn méjì yòókù tí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ já. Ó ní, "Àṣé wọ́n dé." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Ìyá àgbà, tí kò mọ ìwé, tí wọ́n ti sọ fún láti ọjọ́ yìí wá pé a ò gbúròó ọmọ, ṣubú lulẹ̀, ó ń ké. Lẹ́yìn náà ni àgbà kan nínú ẹbí tó wá jẹ́wọ́ pé tíṣà kan ló ka lẹ́tà àkọ́kọ́ fún bàbá àgbà, tí bàbá àgbà sì ní, "Ọmọ tó ń sunkún ilé lójú ogun, kò jọ mí."

Mi ò sọ èyí láti bú òkú. Bàbá àgbà fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ dáadáa. Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsọ̀ onígbàjámọ̀ gan-an nìyẹn? Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín tí gbogbo wa ń rín yẹn ló ti lẹ́tà mẹ́ta mọ́ inú àpótí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ogun ni Bàbá Sójà di ẹ̀bi rù, kó má baà di í ru bàbá tó bí i. Àwọn ọmọ Shuyiman, tí kì í ṣe ará wa, tí kò gbọ́ èdè wa, gba lẹ́tà tiwọn. Ti ilé wa wọnú àpótí.

Àwọn kan á ní bí a bá ń kẹ́ sójà báyìí, kò ní sí ẹni tó máa dúró lójú ogun mọ́. Ẹ dákun, ta ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Mi ò sọ̀rọ̀ ẹni tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ti dúró, tí ìbọn bá lórí ìdúró, ni mò ń wí. Kí ni a tún fẹ́ kó fi hàn wá? Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Sójà náà ń làágùn, káàkì ni kò jẹ́ ká rí i.

Àwọn mìíràn á ní ayé ti lajú, tẹlifóònù wà, kí ni ìbẹ̀wò fẹ́ ṣe? Lórí èyí, èmi gan-an ni ẹlẹ́ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Ní 2016, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, sójà, wà lára àwọn tí wọ́n rán lọ sí Borno, níbi tí ogun Boko Haram ti ń jà láti 2009. Bọ́ǹbù ilẹ̀ gbé ọkọ̀ wọn. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kan lókè Ọya. Alaalẹ́ ló ń pè mí lórí fóònù. Mo ń sọ fún un pé Ọlọ́run á wò ó sàn, mo ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ pé mo ti ṣe ojúṣe mi. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò lè rìnrìn àjò. Àwa yòókù ní ọ̀nà jìn, ọ̀nà kò dára, iṣẹ́ pọ̀. Ọ̀sẹ̀ méje kọjá. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má fi owó ránṣẹ́ mọ́. Ẹ kàn wá." Ara mi bù máṣọ. Lẹ́tà inú àpótí ni mo ń gbọ́ lórí fóònù. Èmi tí mo ka lẹ́tà yẹn sókè lójú gbogbo ẹbí, èmi náà ti ń ti ọmọ mọ́ inú àpótí, àpótí tèmi kàn ń tàn iná ni.

Mo gbé iṣu mẹ́ta láti Ìkùn, mo wọ mọ́tò. Ọjọ́ méjì ni mo fi dé ibẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ọmọ náà kò wo ojú mi lákọ̀ọ́kọ́, iṣu ló ń wò. Ó fi ọwọ́ ha erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan bá wa se é, ó pín in yíká. Ọmọ Ìbàràpá kan lórí bẹ́ẹ̀dì kejì bi mí bóyá n óò gba ọ̀nà Ìgbò-Ọrà padà. Ọmọ Tiv kan ní kí n kọ nọ́ńbà ìyàwó òun sílẹ̀. Ọmọ Sókótó kan tí kò gbọ́ èdè mi gba iṣu, ó jẹ ẹ́, ó sì di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo máa fi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, iṣẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ti rán mi. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí mo jíṣẹ́ fún, ní Ọ̀kà lọ́dọ̀ wa níbí, kò tilẹ̀ mọ̀ rárá pé ọmọ òun fara gbọgbẹ́. Ọmọ náà kò fẹ́ kó gbọ́ ọ lórí fóònù.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè nìyí, kì í ṣe ohun tó ju agbára lọ.

Èkíní, ìjọba àti àwọn ọ̀gá ológun: bí ẹ̀mí sójà tó fara gbọgbẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, tó kù kí ọgbẹ́ san, ẹ gbé e sún mọ́ ilé. Láti Maiduguri dé Àkókó ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ. Ìyá arúgbó wo ló máa rìn ín? Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀. Bárékè sójà wà ní Àkúrẹ́. Ìgbóbì wà ní Èkó, ṣebí nítorí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ ní 1945? Ohun tí òyìnbó amúnisìn lè ṣe, ṣé àwa ò lè ṣe é fún ọmọ ara wa?

Èkejì, bí a kò bá lè gbé e wálé, ẹ jẹ́ kí ilé lọ bá a. Ẹ san owó ọkọ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo nínú ẹbí, ẹ fún un ní ibi tó máa sùn. Owó òdòdó àti owó àgọ́ ọjọ́ ìrántí lè gbé ìyá púpọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ wọn.

Ẹ̀kẹta, lọ́jọ́ ìrántí yẹn, ẹ má máa rántí òkú nìkan. Òkú ò gbọ́ fèrè. Ẹ ka orúkọ àwọn tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà, kí ará ìlú wọn lè mọ ibi tí wọ́n wà.

Ẹ̀kẹrin, èyí ló sì ṣòro jù, nítorí àwa ló kàn, kì í ṣe ìjọba. Àwa ẹbí, àwa ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwa ìjọ, àwa jámáà. A mọ bí a ti ń ra aṣọ ẹbí tí ọmọ bá kú. A mọ bí a ti ń gba bọ́ọ̀sì méjì lọ síbi òkú. Ẹ jẹ́ ká fi bọ́ọ̀sì kan lọ wo alààyè. Ní Ìkùn, ní Ọ̀kà, ní Ìkàrẹ́, kí ìlú kọ̀ọ̀kan mọ iye ọmọ rẹ̀ tó wà lójú ogun, kó mọ èyí tó wà ní ọsibítù, kó sì yan ẹni tí yóò lọ.

Bàbá Sójà kú ní 2003. Ṣáájú ìgbà yẹn, mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ó dárí ji bàbá rẹ̀. Ó ní òun ti dárí jì í tipẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan kúkú wá ni."

Bí mo bá tún bá bàbá yẹn pàdé ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, mi ò ní dákẹ́ mọ́. N óò dọ̀bálẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí àgbà, n óò sì bi í léèrè pé: "Bàbá, ọmọ orí tẹlifíṣọ̀n yẹn ní òun fẹ́ rí ìyá òun. Ṣé ẹ mọ ìyá rẹ̀? Nígbà wo la máa mú un lọ?"